Títà kan, rìsíìtì mẹ́fà: ẹ bá mi wo event inú kóòdù mi

Ọmọ Ìyá Onísímẹ́ńtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi fún ọjọ́ mẹ́ta.

Mo kọ ètò kan fún ṣọ́ọ̀bù màmá mi ní Ìbàdàn. Símẹ́ńtì, irin, páànù àti ìṣó ni wọ́n ń tà. Electron, tí wọ́n fi ń kọ ètò orí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú èdè JavaScript, ni mo fi kọ ọ́; apá Node.js rẹ̀, èyí tó ń mú JavaScript ṣiṣẹ́ láìsí bíráúsà, ló sì ń ṣe iṣẹ́ tó wúwo. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, ojú-ewé títà fúnra rẹ̀ ló ń pe gbogbo àwọn apá yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan: ó pe èyí tó ń yọ ọjà kúrò nínú àkọsílẹ̀ sítọ̀, ó pe èyí tó ń tẹ rìsíìtì, ó pe èyí tó ń fi SMS ìdúpẹ́ ránṣẹ́, ó pe èyí tó ń ṣe ìṣirò alẹ́. Bí mo bá fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn, ojú-ewé títà á dàrú. Ni mo bá kà nípa EventEmitter, ohun èlò Node tó ń kéde ìṣẹ̀lẹ̀ (event) fún àwọn apá kóòdù tó forúkọ sílẹ̀ láti gbọ́ ọ, ìyẹn àwọn olùgbọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà: bí owó bá wọlé, ojú-ewé títà á kàn kéde pé owó ti wọlé, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn á ṣe tirẹ̀. Mo pe EventEmitter tèmi ní `iroyin`. Apá méjì ni mo ti gbé sórí rẹ̀ báyìí, rìsíìtì àti sítọ̀. Inú mi dùn, kóòdù náà mọ́ tónítóní.

Ìṣòro méjì ló wá yọjú. Bí wọ́n bá ṣí ojú-ewé títà láàárọ̀ tí wọ́n sì ta ọjà, rìsíìtì kan ló ń jáde. Tí wọ́n bá pa á dé tí wọ́n tún ṣí i, rìsíìtì méjì fún títà kan. Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n ti ṣí i lẹ́ẹ̀mẹfà kí ilẹ̀ tó ṣú. Oníbàárà kan ra símẹ́ńtì 20 àpò, rìsíìtì mẹ́fà jáde, àkọsílẹ̀ sì yọ 120 àpò. Màmá mi ń béèrè ẹni tó gbé símẹ́ńtì òun. Ìgbà kẹfà yẹn náà ni ìkìlọ̀ kan yọ, ó ní olùgbọ́ ti di 11, ó ṣeé ṣe kí mẹ́mọ́rì máa jò. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí n kọ `setMaxListeners(100)`, tó ń fàyè gba ọgọ́rùn-ún olùgbọ́. Ìkìlọ̀ dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n rìsíìtì ò dín.

Ìṣòro kejì: bí pépà bá tán nínú príńtà, àkọsílẹ̀ sítọ̀ kì í yọ nǹkan kan rárá. Kí ló pa pépà pọ̀ mọ́ símẹ́ńtì?

```
function siOjuTita() {
  iroyin.on('owo-ti-wole', (tita) => teRisiiti(tita));
  iroyin.on('owo-ti-wole', (tita) => yoNinuSito(tita));
  // ìyókù ojú-ewé
}
```

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Tètè sọ fún màmá kí wọ́n má fura sí ọmọ ṣọ́ọ̀bù kankan, kò sẹ́ni tó gbé símẹ́ńtì.

Wo ibi tí o ti ń forúkọ olùgbọ́ sílẹ̀. Inú `siOjuTita` ni. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ṣí ojú-ewé yẹn, orúkọ méjì tuntun wọ inú ìwé `iroyin`, ti àtẹ̀yìnwá ò sì kúrò níbẹ̀. `on` kì í béèrè bóyá o ti forúkọ sílẹ̀ rí. Wọ́n ti pa ojú-ewé dé, wọ́n ti gbàgbé rẹ̀, àmọ́ olùgbọ́ rẹ̀ ṣì wà láàyè, ó ń dúró de ìròyìn. Ìdí nìyẹn tí ìkìlọ̀ fi yọ nígbà kẹfà gẹ́lẹ́. Ìṣísílẹ̀ márùn-ún jẹ́ olùgbọ́ mẹ́wàá, ìyẹn iye tí Node máa ń gbà láyè fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan láìsọ̀rọ̀. Àkọ́kọ́ nínú méjì tí ìgbà kẹfà mú wá ló sọ ọ́ di 11. Òótọ́ ni ìkìlọ̀ yẹn ń sọ fún ẹ. Ajá tó ń gbó ni `setMaxListeners(100)` pa, olè ṣì wà nínú ilé. Yọ ọ́ kúrò lónìí.

Bí olùgbọ́ bá jẹ́ ti ètò lápapọ̀, bí irú rìsíìtì tìrẹ yìí, gbé e kúrò nínú ojú-ewé pátápátá, kí o forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ètò bá ń gbéra. Bí ó bá jẹ́ ti ojú-ewé nìkan, bí àpapọ̀ owó òní tó ń yí padà lójú síkírínì, forúkọ sílẹ̀ nígbà tí ojú-ewé bá ṣí, kí o sì pa orúkọ rẹ́ nígbà tó bá ń pa dé. Èmi kì í kọ `on` kí n dìde nídìí kọ̀ǹpútà láì tíì kọ `off` tó ń pa orúkọ náà rẹ́.

Ọmọ Ìyá Onísímẹ́ńtì

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Mo ti gbìyànjú `off` kí n tó ka ọ̀rọ̀ yín dé ìparí. Kò pa orúkọ kankan rẹ́, kò sì sọ pé àṣìṣe wà:

```
iroyin.off('owo-ti-wole', (tita) => teRisiiti(tita));
```

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta

Function tuntun (ìdì kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan) lo gbé fún un. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú wọn, ìyẹn ni wọ́n fi jọra lójú tìrẹ, ṣùgbọ́n lójú JavaScript ìbejì ni wọ́n: ojú kan náà, èèyàn méjì. Gbà á gbọ́ lẹ́nu mi. `off` ń wá ẹni náà gan-an tó forúkọ sílẹ̀, kò rí i, ó dákẹ́. Orúkọ function náà fúnra rẹ̀ ni kí o fi forúkọ sílẹ̀, kí o sì fi orúkọ náà yọ ọ́:

```
iroyin.on('owo-ti-wole', teRisiiti);
iroyin.off('owo-ti-wole', teRisiiti);
```

Ará Òṣogbo

Kí n fi ti bíráúsà kún un, torí pé ó ti tàn mí jẹ rí. Bí o bá fi function kan náà gan-an fún `addEventListener` (`on` ti bíráúsà) lẹ́ẹ̀mejì lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà, ẹ̀ẹ̀kan ló máa kà á. EventEmitter á kà á ní méjì, á sì pè é lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé kóòdù láti ibì kan lọ sí ibì kejì láìmọ ìyàtọ̀ yìí, ọjọ́ kan gbáko ló gbà mí kí n tó rí i.

Bí olùgbọ́ bá pọ̀ lórí ojú-ewé kan, má máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣe AbortController kan, fi `signal` rẹ̀ fún gbogbo `addEventListener` tó jẹ́ ti ojú-ewé yẹn. Nígbà tí ojú-ewé bá ń pa dé, pe `abort()` lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn á kúrò.

Ẹ̀yin tó ń lo React, ohun èlò JavaScript fún kíkọ́ ojú-ewé, inú function tí effect yín dá padà fún `useEffect` ni kí ẹ ti pa orúkọ rẹ́. Láti React 18 tó jáde ní 2022, StrictMode, ipò àyẹ̀wò rẹ̀, máa ń gbé component (ẹyọ kan lára ojú-ewé) kalẹ̀, á gbé e kúrò, á tún gbé e kalẹ̀ nígbà tí a bá ṣì ń kọ́ ètò náà lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rí i pé olùgbọ́ wọn ń dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì yọ StrictMode kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́. Irú àṣìṣe tí àbúrò wa yìí ní ló ń fi hàn yín kí oníbàárà tó rí i.

Bàbá Àgbà Kóòdù

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ. Ìbéèrè kejì ló ká mi lára jù, torí pé owó ń bẹ nínú rẹ̀.

Bí wọ́n bá ń ṣàlàyé event fún èèyàn, akéde ni wọ́n máa ń fi ṣàpèjúwe: ó lu agogo, ó kéde ọ̀rọ̀ ọba, ó kọjá lọ. Kò mọ ẹni tó gbọ́, kò dúró wo ohun tí wọ́n ṣe. Ìdajì àpèjúwe yẹn ló bá `emit`, ohun tí EventEmitter fi ń kéde, mu. Òótọ́ ni pé ẹni tó ń kéde kò mọ ẹni tó ń gbọ́. Ṣùgbọ́n `emit` kì í kọjá lọ. Ó máa ń wọ ilé àkọ́kọ́, á jókòó títí onílé á fi ṣe ohun tó fẹ́ ṣe tán, kó tó dìde lọ sí ilé kejì, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra wọn forúkọ sílẹ̀. Bí onílé àkọ́kọ́ bá dìgbò lu akéde, ìròyìn ò ní dé ilé kejì. Príńtà tí kò ní pépà ni onílé àkọ́kọ́ tìrẹ. `teRisiiti` ju àṣìṣe, `emit` gbé àṣìṣe náà padà sọ́dọ̀ ojú-ewé títà tó pè é, `yoNinuSito` tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni èèyàn ti máa ń ṣìnà. Nínú bíráúsà, bí olùgbọ́ kan bá ju àṣìṣe, wọ́n á kọ ọ́ sí console, àwọn yòókù á sì máa gbọ́ lọ. Django, tí wọ́n fi ń kọ ètò wẹ́ẹ̀bù ní èdè Python, ní oríṣi méjì: `send` tó ń dá dúró bí ẹnì kan bá ju àṣìṣe, àti `send_robust` tó ń kó àṣìṣe jọ fún ẹ, tó sì ń bá a lọ. Qt, tí wọ́n fi ń kọ ètò ní èdè C++, ní tirẹ̀ á kọ́kọ́ wo thread (ọ̀kan lára àwọn okùn iṣẹ́ tí ètò ń ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà). Bí olùgbọ́ bá wà lórí thread kan náà, á pè é lójú ẹsẹ̀; bí ó bá wà lórí òmíràn, á gbé ìròyìn náà sórí ìlà kí olùgbọ́ wá mú un nígbà tó bá ráyè. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, ìwà wọn ò jọra. Ka ìwé ìlànà èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ kí o tó gbé owó sórí rẹ̀.

Bí `teRisiiti` bá tún jẹ́ async, ìyẹn function tó máa parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá yá, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. `emit` ò ní dúró dè é, àṣìṣe rẹ̀ ò sì ní bá ojú-ewé títà. Á di promise (ìlérí èsì) tó kùnà láìsí ẹni tó gbà á, Node láti ẹ̀dà 15 ní 2020 á sì pa ètò náà kú bí o kò bá ṣètò fún un. Nítorí náà, jẹ́ kí olùgbọ́ kọ̀ọ̀kan gba àṣìṣe tirẹ̀ mú nínú ilé ara rẹ̀. Príńtà tí kò ní pépà, ọ̀rọ̀ apá rìsíìtì ni. Kò gbọdọ̀ jáde síta.

Ṣùgbọ́n bí o bá ṣe gbogbo ìyẹn tán, mo ṣì ní ẹjọ́ kan. Kí ló gbé sítọ̀ dé ibẹ̀? Ìròyìn yàtọ̀ sí àṣẹ. Nígbà tí o bá kéde pé owó ti wọlé, ohun tí ò ń sọ ni pé èyí ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá wù kó mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí olùgbọ́ kankan, `emit` á dá `false` padà, kò ní pariwo. Wá bi ara rẹ: bí ẹnikẹ́ni ò bá gbọ́, ǹjẹ́ ohun gbogbo ṣì wà bó ṣe yẹ? Bí SMS ìdúpẹ́ ò bá lọ, oníbàárà ti gbé símẹ́ńtì rẹ̀ lọ, kò sí wàhálà. Bí sítọ̀ ò bá yọ 20 àpò, irọ́ ni ìwé màmá ẹ ń pa láti ìṣẹ́jú yẹn lọ. Owó tó wọlé àti ọjà tó jáde, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n. Pe `yoNinuSito` ní tààrà, kí ó yọrí, kí o tó kéde ohunkóhun. Bí ó bá kùnà, kí títà náà kùnà pẹ̀lú rẹ̀.

Ọmọ Ìyá Onísímẹ́ńtì

Bàbá, ẹ ṣeun. Èyí gan-an ni mi ò rí. Mo rò pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo event, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ di event.

Ọmọ Ìlọrin

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, èmi ò fara mọ́ ọn pé ká máa tún un ṣe. Ẹ jẹ́ ká jù ú nù. Àwọn tó ṣe Vue, ohun èlò tó jọ React, yọ `$on`, `$off` àti `$once` tí wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn kúrò ní Vue 3 ní 2020, wọ́n ní wọn kì í ṣe ara ọ̀nà tí component sábà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ Square ní kí àwọn èèyàn fi Otto, ohun èlò ìkéde tí wọ́n ṣe fún Android, sílẹ̀. Ìwé ìlànà Guava, àkójọ ohun èlò Java ti Google, fúnra rẹ̀ gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó má lo EventBus tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Bí àwọn tó ṣe nǹkan bá ní kí o má jẹ ẹ́ mọ́, kí lo tún ń bù sí àwo?

Ìrírí mi nìyí. Mo dé ilé iṣẹ́ kan, wọ́n ní kí n wá ìdí tí iye kan fi ń yí padà lójú síkírínì. Mo rí ibi tí wọ́n ti kéde `update`. Ta ló ń gbọ́ ọ? Mo wá ọ̀rọ̀ náà, ó wà nínú fáìlì mọ́kàndínlógún. Kò sí bí mo ṣe lè tẹ̀ lé ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Function tó pe function, mo lè tọpa rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bàbá Àgbà Kóòdù

Ọmọ Ìlọrin, mo gbà pé o jìyà. Ṣùgbọ́n `update` kì í ṣe orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀. Ẹni tó fún un ní orúkọ yẹn ló fìyà jẹ ẹ́. Àṣà yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí wẹ́ẹ̀bù. Trygve Reenskaug, ará Norway, gbé MVC, ìlànà tó ya ìsọfúnni sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí síkírínì ń fi hàn, kalẹ̀ ní ilé ìwádìí Xerox PARC ní California ní 1979. Nínú Smalltalk-80, èdè kóòdù tó jáde láti ilé kan náà, ohun tó bá yí padà á kàn sọ pé `changed`, àwọn tó gbára lé e á sì gba `update`. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ṣì wà lónìí: àpótí ìsọfúnni kò gbọdọ̀ mọ iye síkírínì tó ń wò ó.

Ohun tí Vue yọ kúrò ni kí component kọ̀ọ̀kan jẹ́ ilé ìròyìn. Àwọn kan náà ló tọ́ka èèyàn sí mitt, ohun èlò ìkéde kékeré kan, bí wọ́n bá ṣì nílò rẹ̀. Láàárín òbí àti ọmọ nínú ojú-ewé kan, fi props (ohun tí òbí ń fún ọmọ) àti emit (ohun tí ọmọ ń kéde fún òbí) ṣe é. Láàárín títà àti ìṣirò alẹ́, tí ọ̀kan kò gbọdọ̀ mọ̀ pé èkejì wà, ìròyìn ló yẹ.

Alágbẹ̀dẹ Android

Lórí Android, olùgbọ́ tí wọn ò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ máa ń di Activity (ojú-ewé kan nínú ètò Android) tó ti kú mú. Ẹni tó ń kéde ló di olùgbọ́ mú, olùgbọ́ di ojú-ewé mú, ojú-ewé di gbogbo àwòrán inú rẹ̀ mú, tí ẹni tó ń gbálẹ̀ mẹ́mọ́rì ò sì lè kó ìkankan. Yí fóònù sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, Activity mẹ́wàá tó ti kú ló wà nínú mẹ́mọ́rì. `onStart` fún ìforúkọsílẹ̀, `onStop` fún ìparẹ́, láìyẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní ká lo weak reference (ìtọ́ka tí kì í di nǹkan mú nínú mẹ́mọ́rì) kí olùgbọ́ máa kú fúnra rẹ̀. Mo ti lò ó, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Olùgbọ́ á ṣì máa dáhùn láàárín ìgbà tí ojú-ewé pa dé àti ìgbà tí wọ́n gbálẹ̀, o kò sì lè mọ bí àárín yẹn ṣe gùn tó.

Ẹ tún ṣọ́ra fún olùgbọ́ tó ń yọ ara rẹ̀ nígbà tí ìròyìn ń lọ lọ́wọ́. Nínú Java, bí o bá ń ka ArrayList (àkójọ) lọ tí ẹnì kan yọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀, ConcurrentModificationException ló máa já lé ẹ lórí. CopyOnWriteArrayList, tó ń ṣe ẹ̀dà tuntun nígbà tí wọ́n bá yí i padà, ló gbà mí. Node máa ń ṣe ẹ̀dà orúkọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n, kò sí ìjàm̀bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí o yọ láàárín ṣì máa gbọ́ ìròyìn tó ń lọ lọ́wọ́ yẹn.

Àdùkẹ́ Django

Weak reference ni ti Django láti ilẹ̀ wá. Mo kọ olùgbọ́ sínú function kan, mo so ó mọ́ signal (ohun tí Django ń pe ìkéde tirẹ̀), ó ṣiṣẹ́ lójú mi nígbà kan, kò ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn. Function inú function ni. Bí ti òde bá ti parí, Python lè kó ti inú dànù, signal ò sì ní sọ fún ẹni kankan. Gbé e sí ìpele fáìlì, tàbí kí o fi `weak=False` sí i. Bí Django bá sì ka fáìlì rẹ lẹ́ẹ̀mejì tí olùgbọ́ fi di méjì, `dispatch_uid` ló ń dá a dúró.

Èyí tó dùn mí jù kò jẹ mọ́ ìyẹn. A ń ṣe ètò owó ilé-ìwé fún ilé-ìwé kan. Mo gbé e lé `post_save`, signal tí Django ń rán lẹ́yìn tó bá tọ́jú nǹkan sí database: bí wọ́n bá ti kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, kí ètò ṣí ìwé gbèsè fún un. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan. Nígbà tí sáà tuntun wọlé, ọ̀gá wa kó gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé láti inú Excel pẹ̀lú `bulk_create`, tó ń kó ọ̀pọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan. `bulk_create` kì í rán `post_save`, bẹ́ẹ̀ náà ni `update()` lórí queryset (àkójọ tí a yàn láti inú database). Gbogbo àwọn ọmọ yẹn wọlé láìní ìwé gbèsè, a ò sì mọ̀ títí àwọn òbí fi ń mú rìsíìtì báǹkì wá tí ètò ń sọ pé òun ò mọ ọmọ wọn. Mo wo ojú àwọn òbí tó dúró sórí ìlà lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè gbàgbé. Ohun tí bàbá sọ ni: ìwé gbèsè kì í ṣe ìròyìn, ara ìforúkọsílẹ̀ ni. Mo kọ function kan tó ń ṣe méjèèjì pọ̀, mo sì yọ signal náà.

Ẹ̀yin tó ní database, ẹ má kéde ohun tí database ò tíì gbà. Bí o bá rán SMS pé a ti gba owó yín láàárín transaction (ìdì iṣẹ́ database tó gbọ́dọ̀ yọrí lápapọ̀ tàbí kó má ṣẹlẹ̀ rárá), tí wọ́n sì fagi lé transaction náà, ọ̀rọ̀ ti dé fóònù oníbàárà, kò ṣeé gbà padà. `transaction.on_commit` ni kí ẹ fi kéde.

Ọmọ Ẹ̀kìtì

Lórí orúkọ, èdè wa fún wa ní ìwọ̀n kan tó wúlò: ọ̀rọ̀ náà `ti`. Owó ti wọlé. Ọjà ti tán. Oníbàárà ti forúkọ sílẹ̀. Bí `ti` bá jókòó dáadáa nínú orúkọ, ìṣẹ̀lẹ̀ ni. Bí o bá fẹ́ kọ `te-risiiti` tàbí `yo-sito`, ẹnì kan lò ń rán níṣẹ́. Pe function rẹ̀. Mo ti fi ìwọ̀n yìí wo kóòdù ẹgbẹ́ wa, ohun tó lé ní ìdajì àwọn event wa ló já sí àṣẹ.

Àbúrò, o dára bí o kò ṣe fi àmì sórí orúkọ náà nínú kóòdù. Mo máa ń kọ tèmi pẹ̀lú àmì torí pé mo fẹ́ràn èdè mi, ohun tí ojú mi rí rèé. Mo kéde `'owó-ti-wọlé'`, ẹnìkejì mi ń gbọ́ `'owó-ti-wọlé'`, kò gbọ́ nǹkan kan. Lójú, lẹ́tà kan náà ni. Ṣùgbọ́n kíbọọ̀dù tèmi kọ ọ gẹ́gẹ́ bí àmì kan ṣoṣo, U+1ECD nínú òǹkà lẹ́tà Unicode. Tirẹ̀ kọ o lásán, ó wá fi àmì ìsàlẹ̀ U+0323 lé e. Kọ̀ǹpútà rí orúkọ méjì. Kò sí àṣìṣe, kò sí ìkìlọ̀, ìdákẹ́jẹ́ ni. Bí o bá fẹ́ lo àmì, fi `normalize('NFC')`, tó ń sọ méjèèjì di ọ̀kan, kọjá lórí orúkọ níbi ìkéde àti níbi ìforúkọsílẹ̀. Èyí tó tún dára jù ni kí gbogbo orúkọ wà nínú fáìlì kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí const (iye tí kì í yí padà), kí ẹnikẹ́ni má tún tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìyẹn náà á yanjú ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìlọrin, torí pé editor á fi gbogbo ibi tí wọ́n ti lo const náà hàn án.

Ará Òṣogbo

Ohun tó wà nínú ìròyìn náà ṣe pàtàkì. Nǹkan kan náà ni gbogbo olùgbọ́ ń gbà, kì í ṣe ẹ̀dà. Mo rí apá kan tó yọ ẹ̀dínwó lára `tita.iye` fún ìṣirò ara rẹ̀, rìsíìtì tó tẹ̀ lé e sì tẹ iye tó ti dín. Fi `Object.freeze` dì í kí o tó kéde, kí ẹnikẹ́ni má lè yí i padà. Òkè nìkan ló ń dì, àkójọ ọjà tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Bí ìròyìn A bá ń fa B, tí B sì tún ń fa A, wọn ò ní dá dúró títí JavaScript á fi sọ pé `Maximum call stack size exceeded`. Mo máa ń fi ìlà méjì kan yí `emit` ká nígbà tí mo bá ń wá àṣìṣe, kí ó tẹ orúkọ gbogbo ìròyìn bó ṣe ń kọjá. Nínú mitt, olùgbọ́ `'*'` ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ọmọ Ìyá Onísímẹ́ńtì

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, bàbá, ìyá ìbejì, mo dúpẹ́ púpọ̀. Ohun tí mo ṣe rèé. `yoNinuSito` ti kúrò nínú ìròyìn. Ojú-ewé títà ló ń pè é, ó sì gbọ́dọ̀ yọrí kí `owo-ti-wole` tó jáde. Rìsíìtì forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ètò bá ń gbéra, ó sì ń gba àṣìṣe ara rẹ̀ mú. Orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ wà nínú fáìlì kan. Mo ṣí ojú-ewé títà mo sì pa á dé nígbà ogún, mo béèrè `iroyin.listenerCount('owo-ti-wole')`, ó ní 1. Mo yọ pépà kúrò nínú príńtà, mo ta àpò kan fún ara mi, sítọ̀ yọ àpò kan. Èmi àti màmá mi ka símẹ́ńtì nílẹ̀ lánàá, a sì tún àkọsílẹ̀ kọ.

Ó ku ọ̀kan. Nígbà tí príńtà bá kùnà, mo fẹ́ kí ojú-ewé fi àmì pupa hàn, mo wá kéde rẹ̀: `iroyin.emit('error', e)`. Bí ojú-ewé bá ṣí, ó dára. Bí ojú-ewé bá ti pa dé, gbogbo ètò kú lójú ẹsẹ̀. Ṣé bàbá kò sọ pé bí kò bá sí olùgbọ́, `emit` á dá `false` padà ni?

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta

Òótọ́ ni bàbá sọ, àfi orúkọ kan yẹn. Node ya `error` sọ́tọ̀: bí o bá kéde rẹ̀ tí kò sí ẹni tó ń gbọ́, á jù ú bí àṣìṣe gidi, kí wàhálà má bàa kọjá láìsí ẹni tó mọ̀. Ojú-ewé ẹ pa dé, o sì yọ olùgbọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ni kò fi sẹ́ni tó ń gbọ́ mọ́. Pè é ní `pepa-ti-tan`, kí o sì fi olùgbọ́ `error` kan sílẹ̀ níbi tí ètò ti ń gbéra, kí ó máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sínú fáìlì.

Ọmọ Ìyá Onísímẹ́ńtì

Mo ti yí i padà, mà. Mo pa ojú-ewé dé, mo yọ pépà, mo tẹ rìsíìtì àná kan lẹ́ẹ̀kan sí i. Ètò ṣì dúró, ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú fáìlì.